Àwọn Páásíwọ́ọ̀dù Mondher

Nílé Mondher àti Zakia ìyàwó rẹ̀ ní Hammam-Lif nítòsí Tunis, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó èròjà ọbẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sí. Zakia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, máákà pupa ló sì fi ń kọ ọ́. Ti báńkì ló wà lókè téńté, ti iná mànàmáná tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti tẹlifíṣọ̀n tí Mondher fi ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tí wọ́n fi ń wo fọ́tò àti fídíò ẹbí wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí epo ólífì ti ta sí. Bí Mondher bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á ka ohun tó fẹ́ kà, á sì bu álímọ́ńdì ẹ̀kúnwọ́ kan bó ti ń padà lọ. Kò sẹ́ni tó jalè. Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ilé tòrò.

Àfi ìgbà tí Zakia gbé fóònù ti ìgò epo.

Ó ń se ọbẹ̀ ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó sì ń bá Yosra, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Montreal ni Yosra ń gbé pẹ̀lú Anouar ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ Anouar ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá kí olè má bàa wọ inú wọn. Zakia ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú kúmínì, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Anouar yọ orí sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀. "Màmá, kí lèyí tí mò ń kà lẹ́yìn yín yìí?"

"Kí lo fẹ́ kà lẹ́yìn mi? Ọbẹ̀ ni mò ń sè."

"'Báńkì. Zakia, oókan, ẹẹ́sàn-án, ẹẹ́fà, oókan.' Màmá, ṣé owó yín ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

Mondher tó ń bó áyù lórí tábìlì dìde dúró. Zakia fi ẹ̀yìn gbá ilẹ̀kùn náà pa, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," Anouar wí.

Bí Anouar bá ti ní kéèyàn gbọ́ òun, kí onítọ̀hún yáa wá ìjókòó ni. Ó sọ̀rọ̀ olè tó ń gba inú wáyà wọlé. Ó sọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá tún páìpù ṣe, àti àwọn ọmọ aládùúgbò tí wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn ní gbogbo igun ilé onílé. Ó sọ ti ọkùnrin kan ní ìlú kan tí kò dárúkọ, tí wọ́n kó gbogbo owó rẹ̀ lọ nígbà tó ń fá irùngbọ̀n. Ó ní páásíwọ́ọ̀dù tó lágbára gbọ́dọ̀ gùn bíi gbólóhùn, kó sì jẹ́ ohun tí ẹni tó mọ èèyàn dáadáa kò ní rò láé pé ó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Wàyí o, Bàbá, ní ti kíkọ ọ́ sílẹ̀ . . ."

Mondher tẹ fóònù pa.

"Kí ló dé?" Zakia bi í.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àbí àtàǹpàkò yín?"

"Mo ti gbọ́ ibi tó ṣe pàtàkì," Mondher wí, ó sì padà sídìí áyù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Àyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ ojú irin ló fi ṣe iṣẹ́ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò síbi tí ẹni tí kò sanwó sá sí rí tí Mondher kò fà á jáde: abẹ́ ìjókòó, ilé ìyàgbẹ́, àní inú àpò ńlá tí wọ́n ní àgùntàn ló wà níbẹ̀. Irú òun yìí ni ọkọ ọmọ òun wá dúró sí òdìkejì òkun tó ń ka àṣírí òun bí ẹni ń ka pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù!

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Zakia lọ sí ìlú Sfax. Dalenda àbúrò rẹ̀ ń fi Ahlem ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, àwọn obìnrin ẹbí sì gbọ́dọ̀ ṣáájú débẹ̀ láti ṣe oríṣiríṣi tí àwọn ọkùnrin kì í mọ̀ sí. Mondher á wá bá wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọkọ̀ tó gbé Zakia kò tíì kúrò ní ìlú dáadáa tí Mondher ti ká apá aṣọ sókè. Ó fi kànìnkànìn àti ọṣẹ gbo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, máákà pupa kò gbọ́. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó wulẹ̀ pọ́n sí i ni. Nígbà tó fi bébà tí káfíńtà fi ń dán igi ha á tán, ibẹ̀ funfun báláú, gbogbo èròjà ọbẹ̀ sì ń rùn kẹrosíìnì. Ó wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí Yosra fi sílẹ̀ fún wọn.

Ohun tí ẹni tó mọ̀ mí kò ní rò láé pé ó lè ti ẹnu mi jáde.

Ó ronú lé e. Ní gbogbo Hammam-Lif, oyin ni ẹnu Mondher. Bí onígbàjámọ̀ bá gé e létí, á ní orí òun mọ́ dáadáa. Bí wọ́n bá ta ẹ̀fọ́ tó ti kú fún un, á kí onítọ̀hún kú ọjà. Ní pàtàkì jù lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dára nípa àwọn àna rẹ̀. Ìdáhùn dé lójijì. Mondher wẹ̀yìn wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló wà nílé.

Kúskùsì Dalenda ni.

Gbogbo ọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí wọ́n bá lọ kí Dalenda ní Sfax, kúskùsì, oúnjẹ ọkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ooru sè, àti ẹja ló máa ń gbé síwájú Mondher. Gbogbo ọdún ni Mondher ń rún un mọ́lẹ̀ bí ẹṣin tó ń jẹ òkúta wẹ́wẹ́, tí á sì máa wí pé, "Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ rẹ, Dalenda." Lọ́dún kan, eyín rẹ̀ kan kán sínú rẹ̀. Ó gbé eyín náà mì, ó sì ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un fún òun.

Ó fi ṣe ti fọ́tò ẹbí, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà láìfi àlàfo sílẹ̀: kuskusidalendalebiokuta7. Kúskùsì Dalenda le bí òkúta, méje. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn pé ó lágbára gan-an ni.

Ara Mondher wá fúyẹ́ bí ara ẹni tó bọ́ bàtà tó ń fún un lẹ́sẹ̀. Adùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, kò sì lè dúró mọ́. Ti báńkì, ó fi sí i pé ọ̀rọ̀ Anouar kì í tán. Ti iná mànàmáná, ó kan Ìyá Mannoubia, ìyá ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ Dalenda. Gbogbo ẹbí ló máa ń pariwo mọ́ ìyá yìí nítorí pé etí rẹ̀ ti di. Mondher nìkan ló rí i lọ́jọ́ kan tó yíjú padà wéré nígbà tí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó ní ohùn jẹ́jẹ́ nínú yàrá kejì. Ó tẹ̀ ẹ́: ìyá ìyàwó mi ń díbọ́n adití. Ti tẹlifíṣọ̀n ló fi ṣe ti Zakia: Zakia ń hanrun bí ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ inú àkáǹtì báńkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀, kó ṣáà lè tún un sọ.

Kò kọ ìkankan sílẹ̀. Inú orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó jókòó sí bálíkónì, ó ń wo òkè Bou Kornine, ó sì ń rò ó pé bí olè bá láyà, kó wá.

Fóònù dún lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lé làálì fún ìyàwó. Zakia ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ń hó yèè bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi ìdùnnú.

"Bàbá Yosra, kí lẹ ṣe sí fídíò wa?"

"Fídíò wo?"

"Yosra kó gbogbo fọ́tò Ahlem jọ láti ìgbà ìkókó rẹ̀, ó fi ṣe fíìmù, ó sì kó o síbi tí à ń kó ti ẹbí sí, pé kí a wò ó lónìí torí òun ò lè wá. Gbogbo èèyàn ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n Dalenda. Mo sọ páásíwọ́ọ̀dù wa fún un, ó lóun ò mọ̀ mí rí."

"Ẹ pe Yosra kó bá yín ṣe é."

"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Montreal. Ṣé kí n wá máa jí aláboyún lójú oorun ni?"

Mondher họ ọrùn. "Mo ti yí i padà ni. Nítorí olè."

"Ẹ ṣeun. Kí wá ni tuntun?"

Mondher tún họ ọrùn. "Mo ti gbàgbé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ láti Tunis dé Gabès bí ẹni ń ké Fátíhà?"

"Zakia, ṣé ìwọ nìkan lo wà níbi tó o wà yẹn?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá wà? Làálì wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, wọ́n ti fi aṣọ dì í bí ẹni tó fọwọ́ ṣẹ́. Orí tìmùtìmù ni fóònù wà, wọ́n ti bá mi tan sípíkà rẹ̀. Dalenda ló ń bá mi tẹ rímóòtù."

"Àna mi, ẹ kú ilé o!" Ohùn Dalenda wọlé, ó dùn bí oyin. "Ẹ máa sọ ọ́, mo ti ṣetán!"

Mondher dìde lórí àga. "Ẹ dúró ná. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n kan ti dé orí rẹ̀: òun á tún un yí padà kíá sí nǹkan míì tí kò lè dá ogun sílẹ̀. Ó fi awò sójú, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ẹ̀rọ sọ fún un pé òun ti fi nọ́ḿbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù Zakia, kó lọ mú un wá kí òun lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀daràn.

Kó tó di pé ó kà á tán, igbe ti ta lórí fóònù.

"Ẹ gbà mí o! Olè! Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ wọ inú àkáǹtì wa nísinsìnyí!"

"Olè!" àwọn obìnrin gbà á. "Olè!" Mondher gbọ́ tí ẹnì kan ń ti fèrèsé.

"Zakia! Zakia, èmi ni! Èmi ni olè náà! Jọ̀ọ́, ka nọ́ḿbà tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Láéláé! Anouar ní mi ò gbọdọ̀ ka irú nọ́ḿbà yìí fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ gan-an ló ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

"Ohun tí olè máa sọ náà nìyẹn," ohùn obìnrin kan wí, àwọn yòókù sì ní òótọ́ ni.

Mondher jókòó. Ó wá rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó mọ̀, bí èèyàn bá ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù sí wọn, kóró dúdú-dúdú ló ń hàn dípò lẹ́tà. Bí òun bá ń pè é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí òun ń wúkọ́ sí àárín rẹ̀, báwo ni Dalenda ṣe fẹ́ so ó pọ̀? Kò mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n Dalenda jẹ́ irú èyí tó ń fi gbogbo lẹ́tà hàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tóbi bí ife tíì. Kò sì mọ̀ pé àwọn obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ kún pálọ̀ títí dé àgbàlá.

"Ó dáa. K," ó wí, ó sì wúkọ́.

"K!" ogunlọ́gọ̀ ohùn dáhùn, bí ọmọ iléèwé.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa ni. À ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"U. S. K. U. S. I."

"Kúskùsì!" wọ́n hó gèè.

"Ẹ dákun," Mondher wí, "báwo lẹ ṣe ń kà á? Ṣé kì í ṣe kóró dúdú ló ń hàn ni?"

"Kóró dúdú wo?" Zakia wí. "Ó hàn gbàgàdà. Mo ń kà á láìlo awò."

Mondher tẹ fóònù pa. Kò tíì gbé e kalẹ̀ tó fi tún dún.

"Àtàǹpàkò yín ti bẹ̀rẹ̀ àbí?" Zakia bi í. "Ó ku kí ni?"

Kò sọ́nà àbáyọ. "D," Mondher wí bí ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n á ti yọ ọ́ léyín. "A. L. E. N. D. A."

Igbe ayọ̀ tí Dalenda ké fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù. "Orúkọ mi! Ẹ wá wò ó o! Àna mi fi orúkọ mi ti ilẹ̀kùn àṣírí rẹ̀! Kúskùsì Dalenda! Èyí tí mò ń sè fún wọn lọ́dọọdún! Slah, níbo lo wà? Wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ oore!" Slah ni ọkọ rẹ̀. Gbogbo obìnrin hó yèè. Ẹnì kan ní irú àna báyìí ti tán láyé. Zakia alára rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ọkọ òun lójú àánú tó báyìí. Mondher di orí mú.

"Ó kù o, àna mi!"

"L," Mondher wí. "E."

"Kúskùsì Dalenda le . . ." Wọ́n ń dúró. Ni obìnrin kan bá pariwo: "Lékè! Kúskùsì Dalenda lékè!"

"Lékè ni!" Mondher fò dìde. Ọlọ́run ló rán obìnrin yìí. "Lékè ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n! L, E, K, E! Ẹ fi méje sí i, kó tán!"

Wọ́n fi méje sí i. Ìlù tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìlù dákẹ́.

"Bàbá Yosra," Zakia wí, "ó ní kì í ṣe òun. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún wa, pé bí a bá tún ṣì í, òun á tì í pa títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹkún dún. Ahlem ìyàwó ni. Àwọn obìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sunkún, tìróò rẹ̀ ń ṣàn, ó ti ń kán sára aṣọ.

"Mondher," Zakia wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní orúkọ rí. "Lẹ́yìn 'le', kí ló kàn?"

Mondher di ojú méjèèjì. "B. I."

"Le bí . . ." wọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti ń relẹ̀.

"O. K. U. T. A. Méje."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò bá a kà á. Rímóòtù nìkan ni Mondher ń gbọ́, tó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Lẹ́yìn náà ni orin dídùn bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn ti ṣí. Fọ́tò Ahlem lọ́mọ ọwọ́ ti ń kọjá lọ lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó.

Láti igun pálọ̀, ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Le bí òkúta!" Ìyá Mannoubia ló ń sọ̀rọ̀. "Ọlọ́run tóbi! Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ ni mo ti ń sọ fún un pé kó máa bu omi sí i! Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi. Kúskùsì ọmọ yìí ló jẹ àwọn yòókù!"

"Màmá," Zakia rọra bi í, "ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

Ìyá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọlọ́run ṣeun," ohùn ọkùnrin kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ti jáde."

"Slah!" Dalenda kígbe. "Ìwọ náà?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní Ọlọ́run ṣeun ni."

"Mondher!" Ìyá Mannoubia tún gba ọ̀rọ̀. "Ẹni tó ṣe ti Dalenda kò ní yọ mí sílẹ̀. Èwo ni tèmi?"

"Màmá, tiyín ò sí níbẹ̀."

"Mo ní èwo ni tèmi?"

"Ẹ sọ ọ́," Zakia wí, ohùn rẹ̀ kò gba àríyànjiyàn.

Ẹni tí òjò ti pa tẹ́lẹ̀ kì í sá fún ìrì. Mondher mí kanlẹ̀. "Ìyá ìyàwó mi ń díbọ́n adití."

Gbogbo ilé yíjú padà. Wọ́n ń wo ìyá àgbà. Ìyá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn etí.

"Kí ló wí? Mi ò gbọ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde nílé yẹn, Mondher ní títí dòní, òun ṣì ń gbọ́ ọ. Obìnrin kan ń rín títí làálì rẹ̀ fi tú. Ahlem ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àfi Dalenda nìkan tí kò gbin.

"Tèmi ńkọ́?" Zakia bi í nínú ariwo náà.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì," Mondher wí, ó sì tẹ fóònù pa.

Ilẹ̀ Montreal mọ́ tán, Anouar pè é. Ìròyìn ti dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí i dáadáa tó fi béèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ Anouar kì í tán," Mondher wí.

Anouar dákẹ́. Láti ìgbà tó ti di ọkọ ọmọ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n parí ohun tí mò ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, ní ti kíkọ ọ́ sílẹ̀, kò burú rárá. Ẹ kàn kọ ọ́ síbi tí àlejò ò lè dé, tí kámẹ́rà ò sì lè rí. Olè inú íńtánẹ́ẹ̀tì ò lè ti ibẹ̀ na ọwọ́ ṣí dúrọ́ọ̀ inú yàrá yín. Ẹni tó kọ tirẹ̀ pamọ́ sílé sàn ju ẹni tó ń fi ọ̀kan ṣoṣo ti gbogbo ilẹ̀kùn torí kó má bàa gbàgbé."

"Ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ti tẹ fóònù pa, Bàbá."

Mondher ro ó bóyá kó sọ pé àìsàn ń ṣe òun, kí òun má lọ síbi ìgbéyàwó náà mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà á gbọ́? Ó ra òdòdó jásímínì, ó ra àkàrà aládùn onípítáṣíò, páálí ńlá méjì, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Sfax. Slah ló wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó dì mọ́ Mondher, kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ajínigbé.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n," Slah wí sí i létí. Iye ọdún tó ti fi ń rún un nìyẹn.

Nílé, àwọn ọmọdé ti ń pè é ní Bàbá Olókùúta. Ìyá Mannoubia jókòó síbi rẹ̀, ó fún un ní ọwọ́ kó fi ẹnu kò ó, ó sì ṣẹ́jú sí i lẹ́ẹ̀kan. Dalenda kò kí i. Nígbà tí wọ́n jókòó fún oúnjẹ ọ̀sán, tí ẹran àgùntàn ń lọ lọ́tùn-ún, tí ó ń lọ lósì, Dalenda jáde láti ìdáná pẹ̀lú abọ́ ńlá kan. Ó gbé e síwájú Mondher nìkan. Kúskùsì ni, ẹja wà lórí rẹ̀, ó ń rú èéfín. Gbogbo ẹni tó ń jẹun dá ọwọ́ dúró.

Mondher bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó múra sílẹ̀ láti rún un, kò rí ohun tó máa rún. Ó ti lọ. Ó rọ̀ bí oúnjẹ ìkókó.

"Báwo ló ṣe rí?" Dalenda fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọlọ́run á bù kún . . ."

"Rárá, àna mi. Ẹnu àlejò nìyẹn. Ẹnu páásíwọ́ọ̀dù ni mo fẹ́."

Mondher wo Zakia. Zakia ń wo òrùlé. Ó wo Slah, Slah ń gé búrẹ́dì. Ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì.

"Ó rọ̀ jù," ó wí ní ohùn kékeré. "Ó dà bí ohun tí ẹnì kan ti bá mi rún."

Dalenda gbé ṣíbí ìdáná sókè. Gbogbo èèyàn rò pé orí Mondher ló fẹ́ bọ́ sí. Bó ti gbé e sókè náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó gbì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ife omi mẹ́ta ni mo dà sí i nítorí yín! Mẹ́ta! Mo ní kó rọ̀ títí yóò fi sú yín! Mélòó wá ni kí n máa bù sí i?"

"Ife kan àtààbọ̀," Slah wí kíá, "kó o sì bò ó kó tó jiná."

Gbogbo ojú yí sí Slah. Ó fi orí pamọ́ sínú búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ó pẹ́ jù. Dalenda ti gbàgbé ọ̀rọ̀ Mondher, ọkọ tirẹ̀ ló dojú kọ, ó ń bi í léèrè ohun tó tún mọ̀ tí kò sọ. Mondher fa abọ́ náà mọ́ra, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, torí ẹja ni.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó. Àkàrà aládùn tó ṣẹ́ kù wà lẹ́sẹ̀ wọn, kóró òdòdó oòrùn tí wọ́n yan wà nínú bébà lọ́wọ́ Zakia. Wọ́n kọjá ìlú El Jem kí ó tó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì sọ tèmi."

Kò síbi tí Mondher lè sá sí nínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ó sọ ọ́.

Zakia jẹ kóró kan, ó tu èèpo rẹ̀. "Ọkọ̀ ojú irin wo?"

"Èyí tó ń lọ sí gúúsù."

"Tó ń gun òkè ni àbí tó ń sọ̀ kalẹ̀?"

"Tó ń gun òkè."

Ó já a ní èékánná ní apá, ó sì wọlé dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó tán. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa ṣe páásíwọ́ọ̀dù ilé wa. Èmi ni n ó kọ ọ́ sílẹ̀, èmi nìkan ni n ó mọ ibi tí mo fi sí. Gbogbo ewu tí Anouar ń wá kiri nílé wa, ẹnu yín ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Mondher wí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Ọkọ̀ ń lọ láàárín igi ólífì. Zakia gbé ojú sí fèrèsé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ọwọ́ tó kún fún làálì bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń yọ láàárín ìka rẹ̀.

"Kí lò ń rín?" Mondher bi í.

"Mò ń ronú páásíwọ́ọ̀dù ni."

"Nípa ta?"

Zakia na bébà kóró náà sí i. "Ẹ jẹ kóró, Bàbá Yosra."